Gbèsè Ilé àti Okùn Tíṣà

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kìíní

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú iṣẹ́. Ṣé ara le? Orúnkún ńkọ́? Àwa náà wà níbí, kò sí ẹni tó dùbúlẹ̀. Ọkọ mi ní kí n kí yín. Tíṣà náà ní kí n kí yín, ó tún ní kí n sọ fún yín pé ẹ ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ nínú lẹ́tà yín tó kọjá. Ọmọ ọdún méje ló ń yẹ ìwé àgbà wò. Ẹ̀yin lẹ sọ ọmọ mi ní Tíṣà, ẹ fara mọ́ ọn.

Ẹ ò ní máa gbọ́ ohùn mi lórí fóònù mọ́. Ẹ má rò pé mo ti gbàgbé yín. A ti gé e ni. Lẹ́tà ni màá máa kọ.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ẹ mọ̀ pé báńkì ló bá wa ra ilé tí à ń gbé yìí, àwa la sì ń san án padà fún wọn lóṣooṣù. Ó ku ọdún méjìlélógún ká tó san án tán. Ọdún méjìlélógún, Bàbá! Màá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́ta nígbà náà. Obìnrin kan wà níbi tí a ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn, òun ló kọ́ mi níṣẹ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá. Kò tó oṣù mẹ́jọ, báńkì gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ku ọdún mẹ́ta péré kó san gbèsè tán. Èmi ni mo bá a kó àwọn ìkòkò rẹ̀ jáde sínú ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà ni oorun ò ti kùn mí dáadáa mọ́.

Mo wá jókòó, mo ṣírò ó. Bí a bá ń san ju iye tí wọ́n bù fún wa lọ, ọdún méje la ó fi parí. Mo ti tú ilé wò látòkè délẹ̀. Fóònù lọ. Ọkọ̀ wa lọ, bọ́ọ̀sì ni ọkọ mi ń wọ̀ lọ síbi tó ti ń gbé ọkọ̀ ẹrù iléeṣẹ́ wọn. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru, yàrá Tíṣà nìkan la ń tàn án sí. Ewé tíì kan, ife méjì. Èmi náà ti kúrò nínú iṣẹ́ àárọ̀, mo ti bọ́ sí ti alẹ́, torí owó tirẹ̀ ló pọ̀ jù. Mo tún wá ọ́fíìsì kan tí màá máa gbá ní ìrọ̀lẹ́ kí n tó lọ síbẹ̀. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo fi sinmi.

Owó tí mò ń fi ránṣẹ́ sí yín kò ní yẹ̀. Ẹ ṣáà máa fi àdúrà tì wá lẹ́yìn.

Èmi ọmọ yín


Ọjọ́ kejì, oṣù kejì

Ọmọ mi àtàtà,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo wá ọ̀rọ̀ tí Tíṣà ní mo ṣì kọ títí, mi ò rí i. Sọ fún un pé kó mú ẹ̀rí wá.

Orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ṣùgbọ́n ó ń gbé mi dé ṣọ́ọ̀bù. Mo kan ilẹ̀kùn méjì àti àga kan lọ́sẹ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ ilé yẹn, mo gbọ́. Mi ò lè bá ẹ jà pé ò ń ṣọ́wó ná, ṣebí ilé mi lo ti kọ́ ọ. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ilé tí èmi kọ́, mi ò yáwó ẹnikẹ́ni. Mo kọ́ yàrá kan, mo sinmi, mo tún kọ́ òmíràn. Ọdún mẹ́rìnlá. Nítorí náà, kò yé mi tó bí èèyàn ṣe ń sùn nínú ilé tí ìwé rẹ̀ wà nínú àpótí ẹlòmíràn. Bí ìṣó bá yọ lára ilẹ̀kùn yín, ṣé báńkì ló máa wá kàn án?

Àmọ́ bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ojú ìwé méjì lo kọ. O sọ ti fóònù, o sọ ti ọkọ̀, o sọ ti ewé tíì. Ti ọmọ kò ju ìlà méjì lọ, yẹ̀yẹ́ lo sì fi ṣe. Ta ló ń wà nílé tó bá ti ilé ìwé dé?

Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Má gbàgbé okùn mi o. Bí a ti ń ṣe é lọ́dọọdún náà ni kí o ṣe é: kó bọ́ bàtà, kó fẹ̀yìn ti ògiri, kí o na okùn láti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ dé àtàrí, kí o gé e níbẹ̀, kí o fi sínú lẹ́tà. Pákó ìwọ̀n rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi. Ìlà márùn-ún ni mo ti fà sí i láti ìgbà tó ti pé ọdún mẹ́ta. Ìlà kẹfà ni mò ń retí.

Kí ọkọ rẹ. Sọ fún un pé ọkùnrin tó bá ń mu tíì tí wọ́n ti fi ewé rẹ̀ ṣe ife kan tẹ́lẹ̀, tí kò sì jà, èèyàn gidi ni.

Bàbá rẹ


Ogúnjọ́, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrètí. Okùn yín nìyí, mo ká a sínú lẹ́tà. Ẹ má bínú pé ó pẹ́ díẹ̀. Tíṣà ti pé ọdún mẹ́jọ, ó wà dáadáa. Ó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, wákàtí kan péré ló ń dá wà kí bàbá rẹ̀ tó dé. Ó ní ọ̀rọ̀ tí ẹ ṣì kọ ni "òtútù", ẹ ò fi àmì kan sí i. Mi ò sí láàárín yín.

Ètò wa ń lọ. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo kó owó tí a ti tù jọ lọ sí báńkì, inú mi ń dùn. Ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní ó ti pọ̀ jù, bí a bá san kọjá iye kan lọ́dún, a ó san owó ìtanràn. Mo ní ìtanràn kí ni? Ó ní ti pé a yára jù. Bàbá, mo ti rí ẹni tí wọ́n mú nítorí pé kò san gbèsè. Èyí tí wọ́n ń mú nítorí pé ó ń san án, èmi nìkan ni mo rí. Mo mú èyí tó kù padà wálé, mo fi pamọ́ di ọdún tó ń bọ̀.

Ọkọ mi tan ẹ̀rọ ooru sí pálọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Mo pa á. Ó wọ ẹ̀wù òtútù, ó wọ fìlà, ó jókòó ti oúnjẹ rẹ̀. Tíṣà bi í pé níbo ló ń lọ, ó ní òun ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ jáde báyìí, ọ́fíìsì ń dúró dè mí.

Èmi ọmọ yín


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Ìkíni mi ò ní gùn lónìí. Okùn dé. Mo gbé e lọ sídìí pákó, mo fi ẹsẹ̀ tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo nà án sókè. Orí ìlà ọdún tó kọjá gan-an ló dúró sí. Mo ní ojú mi ló ń ṣe mí. Mo bọ́ gíláàsì, mo nù ún, mo tún un wọ̀n. Mo pe obìnrin aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi, òun náà wọ̀n ọ́n. Kò fi èékánná kan lé.

Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo ti ń fi ìwọ̀n jẹun. Láàárín ọdún márùn-ún sí mẹ́fà, ọmọ yìí fi ìka mẹ́ta ga. Láàárín mẹ́fà sí méje, ìka mẹ́ta náà ni. Kí ló wá dá a dúró?

Aránṣọ ní bóyá bí ẹbí wa ṣe rí nìyẹn. À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú. Mo ní kó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Kí ni ọmọ yẹn ń jẹ? Nígbà tí o kọ ọ̀rọ̀ ewé tíì, mo rẹ́rìn-ín. Ẹyin ńkọ́, ṣé ẹ ti gé e? Wàrà ńkọ́? Àbí ara ọmọ lẹ̀ ń bù san gbèsè ilé ni? Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le, mo sì fẹ́ kó le. Gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí o kọ̀wé sí mi kíá.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ojoojúmọ́ ni mò ń bi ẹni tó ń pín lẹ́tà, ó ti wá ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá kó má baà pàdé mi.

Mo ta ayùn oníná mi lánàá. Káfíńtà tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò ló rà á, ó ti pẹ́ tó ti ń wò ó. Màá fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Oúnjẹ ọmọ ni mo tà á fún. Bí ọwọ́ báńkì bá kan owó yìí, èmi pẹ̀lú rẹ ni.

Mo kó okùn náà sápò, mò ń wọ̀n ọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ bí ẹni pé ó lè gùn sí i. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí o lè mọ̀.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ara Tíṣà le koko, ẹ fi ọkàn balẹ̀ kí ẹ tó ka èyí tó kù.

Ibi iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà oṣù kẹrin, láàárín ẹ̀rọ méjì tó ń fọ aṣọ ibùsùn. Inú bí mi. Mo ká a, mo fi sápò, mo ní mi ò ní dá yín lóhùn. Ẹyin wà nílé mi. Wàrà wà, ẹran wà. Ẹnu ọmọ nìkan ni ohun tí mi ò gé. Èmi tí mò ń fi búrẹ́dì gbígbẹ ṣe oúnjẹ ọ̀sán lẹ ní mò ń bu ara ọmọ san gbèsè. Mo bínú fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́tà kejì yín wá dé, mo ka ibi tí ẹ ti ta ayùn, mi ò lè bínú mọ́.

Bàbá, mi ò wọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ tí mo kọ lẹ́tà oṣù kẹta, ọmọ wà nílé ìwé, ó sì ku ogójì ìṣẹ́jú kí n jáde. Àmì ọdún tó kọjá wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo na okùn sí i, mo gé e. Mo ní ìyàtọ̀ rẹ̀ ò lè ju ìka kan lọ, pé ẹ ò ní mọ̀. Mo gbàgbé pé káfíńtà ni mò ń rẹ́ jẹ.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mi ò sùn. Mo ní kó bọ́ bàtà, kó wá dúró. Orí rẹ̀ fi ìka mẹ́rin ju àmì náà lọ. Ó ní, "Mọ́mì, èyí ti pẹ́. Tuntun wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi, Dádì ló fà á lọ́jọ́ ìbí mi. Ṣé ẹ ò rí i ni?" Mi ò rí i. Yàrá kan ṣoṣo tí mò ń sanwó ooru rẹ̀, mi ò mọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo ní kó lọ wọ ṣòkòtò aláwọ̀ búlúù rẹ̀ ká jáde, ó ní kò wọ òun mọ́ látìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀, bàbá òun ti fi tọrẹ. Tí mo bá dé láàárọ̀, ó ti lọ. Tó bá dé, mo ti jáde. Lọ́jọ́ Àìkú, oorun ni mò ń sùn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Ó ní kí n má sunkún, pé kí èèyàn ga kì í ṣe àìsàn.

Okùn gidi ló wà nínú lẹ́tà yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló gé e, èmi ni mo dì í mú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kejì. Mi ò lè fi iṣẹ́ alẹ́ sílẹ̀. Tí mo bá ti dijú, ìkòkò obìnrin yẹn ni mò ń rí nínú ọkọ̀. Ọdún méje ò jìnnà. Tíṣà á ti pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, inú ilé tí ẹnikẹ́ni ò lè lé e kúrò ni yóò wà. Ṣé ohun burúkú ni mò ń wá fún un?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ra ayùn yín padà.

Èmi ọmọ yín


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà

Ọmọ mi àtàtà,

Ìka mẹ́rin, ó tún fi díẹ̀ lé. Mo fa ìlà kẹfà. Mo pe aránṣọ wá wò ó, mo sì ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un nítorí ìwọ̀sí ọjọ́sí. Ó mu ún tán, ó ní òun ti sọ pé nǹkan kan ò ṣe ọmọ náà.

Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Mo ní ò ń bu ara ọmọ san gbèsè. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Ẹni tó ra ayùn ní òun ò tà á padà. Má banú jẹ́. Ayùn ọwọ́ ṣì wà, apá ṣì ń fà á, ó kàn ń pẹ́ ni.

O bi mí léèrè bóyá ohun burúkú lò ń wá fún ọmọ rẹ. Rárá o. Èmi náà wá irú ẹ̀ fún ẹ. Ọdún mẹ́rìnlá tí mo fi kọ́ ilé yìí, orí òrùlé àwọn ẹlòmíràn ni mo wà. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni mò ń wálé, nígbà míì ẹ̀ẹ̀kan. Lọ́dún tí mo parí yàrá rẹ, mo kan bẹ́ẹ̀dì kan fún ẹ níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Igi tó dáa ni, mo fi ọwọ́ dán an títí ó fi ń yọ̀. Mo gbé e wálé lórí ọkọ̀ ẹrù. O dùbúlẹ̀ lé e lójú mi, o káwọ́ kásẹ̀, o ní ẹ ṣé, Bàbá. Inú mi dùn. Mo padà síbi iṣẹ́ ní ìdájí ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn tí ìyá rẹ kú ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Ẹnì kan fẹ́ ra bẹ́ẹ̀dì náà, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n fún un. Bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọdún mẹ́fà ni. O ti pé mẹ́wàá lọ́dún tí mo kàn án. Ọmọ tí mo fi sílẹ̀ nílé ló wà lójú mi, òun ni mò ń kan bẹ́ẹ̀dì fún. Èmi, káfíńtà.

Lóòótọ́, kò sí ẹni tó lè lé mi kúrò nínú ilé yìí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n fi ọwọ́ júwe bí o ti ga tó nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, ọwọ́ mi ò mọ ibi tí yóò dúró. Ìdí tí mo fi ń béèrè okùn lọ́wọ́ rẹ lọ́dọọdún nìyẹn. Ó dùn mí, mi ò sì lè tún un ṣe.

Mo ti fi owó ayùn ránṣẹ́. Kò pọ̀. Fi ra alẹ́ mélòó kan padà.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹjọ

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́, ẹ kú apá. Owó ayùn dé, mo sì ti dá a padà. Ẹ má jà. Ẹ fi wá ayùn mìíràn.

Mo ti fi iṣẹ́ alẹ́ sílẹ̀. Mo ti padà sí ti àárọ̀, mo fi ọ́fíìsì tí mò ń gbá sílẹ̀ pẹ̀lú. Mo tún ìṣirò náà ṣe, ọdún méje ti di mẹ́tàlá. Ọmọbìnrin báńkì ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé a ò ní san ìtanràn mọ́. Òjò mú òtútù wá lọ́jọ́ náà, ọkọ mi tan ooru sí pálọ̀ fún wákàtí kan, mo wò ó, mi ò pa á. Mi ò ní parọ́ fún yín pé ọkàn mi balẹ̀. Ẹ̀rù obìnrin yẹn ṣì ń bà mí. Ewé tíì kan, ife méjì, ìyẹn ò yí padà.

Tíṣà ò kọ́kọ́ mọ ohun tó lè fi mí ṣe. Fún ọ̀sẹ̀ kan, tó bá ti ilé ìwé dé, tó bá mi nílé, ó máa ń bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Kò bi mí mọ́.

Mo rántí bẹ́ẹ̀dì náà. Màmá gbé àpótí kan sí ìparí rẹ̀, orí rẹ̀ ni mò ń gbé ẹsẹ̀ lé sùn. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín, pé ọ̀nà jíjìn lẹ ti gbé e wá. Mi ò bínú pé ó kúrú, Bàbá. Èyí tí mi ò sọ fún Màmá pàápàá ni mo fẹ́ sọ fún yín. Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ gbé e dé, mo mọ̀ọ́mọ̀ ká ẹsẹ̀ mi ni. Mo fẹ́ dúró di àárọ̀, kí ẹ wọlé wá bá mi, kí n wá na ẹsẹ̀ náà jáde lójú yín lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ lè rí bí mo ti ga tó. Nígbà tí mo jí, ẹ ti lọ.

Èmi ọmọ yín